Ìdí Tí Ọ̀pọ̀lọ́ Fi Ń Jókòó Sídìí Àmù

Nígbà láéláé, kí ọ̀pọ̀lọ́ tó di ohun tí à ń fi ìgbálẹ̀ gbá síta, ara rẹ̀ ń dán bí abọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Inú odò ló ń gbé pẹ̀lú àbúrò rẹ̀, Àkèré. Ìyá kan náà ló bí wọn. Ẹni tí kò bá sún mọ́ wọn dáadáa kò lè mọ èwo ni ẹ̀gbọ́n nínú wọn.

Ní ayé ìgbà náà, eré kan wà tí àwọn ẹranko fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ. Ẹnì kan á ju àgbálùmọ̀ tí kò tíì pọ́n, ẹnì kejì á fi kùmọ̀ gbá a. Bí ó bá ti gbá a, á sáré yí òkìtì ọ̀gán mẹ́rin ká, á sì gbìyànjú kó padà síbi tó ti gbéra kí wọ́n tó mú àgbálùmọ̀ náà dé.

Ṣùgbọ́n bí ó bá gbá a kọjá odò, kò tún sí ìdí láti sáré mọ́. Ta ni yóò wẹdò lọ mú un wá? Ńṣe ni á máa rìn wọ́ọ́rọ́ yí òkìtì náà ká, tí gbogbo ìlú á sì máa pariwo orúkọ rẹ̀.

Àṣà kan wà tó bá eré yìí rìn. Ẹni tó bá gbá a kọjá odò, ọmọ ìyá rẹ̀ ni yóò pọn omi odò náà kún igbá, tí yóò sì dà á lé e lórí lójú gbogbo ayé. Kò sí ẹ̀bùn mìíràn. Omi lásán ni, bí ẹ bá ní kí ẹ wò ó. Síbẹ̀ àwọn arúgbó tí wọ́n ti da omi yẹn lé lórí rí kì í lè sọ̀rọ̀ rẹ̀ kí omi má bọ́ lójú wọn.

Àwọn tó ń ṣe eré náà kì í roko. Eré ni iṣẹ́ wọn, ìlú ló sì ń bọ́ wọn. Ìgbín ni adájọ́ wọn. Wọ́n fi í ṣe adájọ́ nítorí pé kì í kánjú, orí kùkùté ló sì máa ń wà, níbi tí ó ti lè rí gbogbo ohun tó ń lọ.

Ọ̀pọ̀lọ́ wà lára wọn. Kò lágbára púpọ̀ o. Ojú ló ní. Bó ti wù kí wọ́n ju àgbálùmọ̀ náà yára tó, ojú rẹ̀ ńlá yẹn á ti rí i kó tó dé, á sì rọra gbá a sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò dúró sí. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó kéré, tí kò sì bẹ̀rù.

Ọjọ́ ogbó kì í tọrọ àyè kó tó wọlé. Nígbà tó yá, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dun Ọ̀pọ̀lọ́. Ojú ṣì ń rí, ṣùgbọ́n apá kì í dé ibẹ̀ mọ́. Bí ó bá gbá àgbálùmọ̀, iwájú rẹ̀ níbẹ̀ ni yóò jábọ́ sí, nínú koríko. Àkèré, ní tirẹ̀, ń dàgbà ni, itan rẹ̀ ń le. Àwọn aráàlú wá ń sọ ọ́ láàárín ara wọn pé bí àgbálùmọ̀ bá tún so, kí Àkèré gba ipò ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí Ọ̀pọ̀lọ́ lọ mú ọkọ́.

Wọn kò kórìíra rẹ̀. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn. Òun náà ló gba ipò Alákàn nígbà tí Alákàn ń darúgbó, Alákàn kò sì bínú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan Ọ̀pọ̀lọ́, kò lè gbé e mì. Kò tíì gbá a kọjá odò rí láyé rẹ̀. Wọn kò tíì da omi lé e lórí rí. Ìyẹn ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, ó sì ń tì í lójú láti sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ó bá gba ilé Òòrẹ̀ lọ. Ẹ mọ Òòrẹ̀, ẹlẹ́gùn-ún ara, ẹni tí kì í yéé wa ilẹ̀. Kò sí egbò igi tí kò mọ̀, kò sì sí ọjọ́ eré tí kì í wá wòran. Ọ̀pọ̀lọ́ ro ẹjọ́ rẹ̀ fún un. Òòrẹ̀ kò jiyàn rárá. Ó wa ilẹ̀, ó fa egbò kan tó pupa jáde, ó gbọn erùpẹ̀ rẹ̀ dànù.

Ó ní, “Jẹ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ eré. Agbára á dé. Ṣùgbọ́n omi tútù ni èèwọ̀ rẹ̀. Omi ò gbọdọ̀ kàn ọ́ lára títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́.”

Ọ̀pọ̀lọ́ bi í pé bí omi bá wá kan òun ńkọ́.

“Mi ò tíì rí i. Àwọn yòókù kì í jẹ́ kó kàn wọ́n.”

“Àwọn yòókù wo?”

Òòrẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ wọ́ erùpẹ̀ bo ihò tí ó gbẹ́.

Ìgbà náà ni Ọ̀pọ̀lọ́ wá rántí pé ó ti pẹ́ tí òun ti rí ẹni tí wọ́n da omi lé lórí. Wọ́n ń gbá àgbálùmọ̀ kọjá odò ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n èyí á ní òtútù ń mú òun, tọ̀hún á ní ọmọ ìyá òun rìnrìn àjò. Igbá omi náà ti gbẹ níbi tí wọ́n gbé e kọ́ sí, aláǹtakùn ti takùn sí i. Kò sì sí ẹni tó bèèrè. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ọ̀pọ̀lọ́ mú egbò náà, ó lọ sílé.

Nígbà tí àgbálùmọ̀ tún so, Ọ̀pọ̀lọ́ bu egbò náà jẹ láàárọ̀, ó bọ́ síwájú, ó gbé kùmọ̀, ó sì gbá a. Àgbálùmọ̀ náà fò, ó kọjá òkìtì, ó kọjá koríko, ó kọjá odò. Ni ariwo bá sọ.

Àkèré ni inú rẹ̀ dùn jù. Ó sáré lọ já igbá wálẹ̀, ó nu aláǹtakùn kúrò, ó pọn omi. Ìgbà tí yóò fi dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti nawọ́ sí i láti ọ̀ọ́kán pé ibà ń ṣe òun. Àkèré da omi náà padà sódò.

Bẹ́ẹ̀ ló ń rí ní gbogbo ìgbà. Bí Ọ̀pọ̀lọ́ bá ti gbá a, á wá àwáwí. Àkèré kò rí ipò kankan gbà mọ́. Inú koríko ni wọ́n fi í sí, kó máa ṣa àgbálùmọ̀ tó bá bọ́ síbẹ̀. Ìyẹn kò dùn ún tó bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń sá fún un. Wọn kì í sùn pọ̀ nínú omi mọ́. Etí odò, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ni Ọ̀pọ̀lọ́ ń sùn. Àkèré wá gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ń bínú sí òun ni, nítorí pé wọ́n ti fẹ́ fi òun rọ́pò rẹ̀ nígbà kan.

Ṣé inú Ọ̀pọ̀lọ́ dùn? Ó dùn díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, egbò náà wulẹ̀ ń korò lẹ́nu rẹ̀ ni. Ó ń gbá a, wọ́n ń pariwo, ó ń lọ sílé. Ara rẹ̀ le koko, ikùn rẹ̀ wú, ọrùn rẹ̀ ki, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀. Ohun tí ó torí rẹ̀ jẹ egbò náà ni egbò náà kò jẹ́ kó rí gbà.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ parí eré ọdún náà, Ọ̀pọ̀lọ́ gbá àgbálùmọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò gbá irú rẹ̀ rí. Ó kọjá odò, ó kọjá igi ọ̀pẹ tó wà lódìkejì, ojú kò tó o mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí òkìtì ká. Nígbà tí ó dé ibi òkìtì ìkẹyìn, Àkèré ti dúró síbẹ̀ pẹ̀lú igbá omi.

Igbá náà kún dẹ́nu, omi ń dà sí Àkèré lẹ́sẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ má bínú. Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dà á lé yín lórí.”

Ọ̀pọ̀lọ́ la ẹnu láti ní òtútù ń mú òun. Ó wo ojú àbúrò rẹ̀. Irọ́ náà kò jáde. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa pa á. Ó tẹ orí ba, ó sì di ojú.

Àkèré da omi náà.

Omi náà kò tíì ṣàn délẹ̀ tí awọ ara Ọ̀pọ̀lọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ kókó. Ó yọ lórí, ó yọ lẹ́yìn, ó yọ dé ẹsẹ̀. Oje funfun ń jáde lára rẹ̀ bí oje igi tí a ṣá. Àkèré ju igbá sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì nu ún, oje náà sì ń ta á lọ́wọ́. Ó ń bèèrè pé kí ni òun ṣe sí ẹ̀gbọ́n òun.

Ọ̀pọ̀lọ́ dá a lóhùn pé, “Ìwọ kọ́. Egbò ni mo jẹ. Ipò rẹ ni mo jẹ.”

Ẹnu tó ń pariwo orúkọ rẹ̀ ní àárọ̀ náà ló tún ń pè é ní olè. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣeré ni ohùn wọn sì ròkè jù. Ìgbín bá sọ̀ kalẹ̀ lórí kùkùté, ó rọra ń wọ́ bọ̀, gbogbo wọn sì dúró dè é títí ó fi dé. Ó ní kí wọ́n tún pọn omi kún igbá. Ó ní kí gbogbo eléré wá gbà á lórí níkọ̀ọ̀kan.

Kò sẹ́ni tó mira. Ẹnì kan rántí pé òun gbé iṣu kaná nílé. Ẹlòmíràn ní ẹsẹ̀ ń ro òun. Kí á tó ṣẹ́jú, wọ́n ti ń tú ká. Àkèré nìkan ló bọ́ síwájú, ẹni tí kò gbá ohunkóhun kọjá ibì kankan rí. Wọ́n da omi lé e, kò sí ohun tó ṣe é. Ó dúró níbẹ̀, ó ń sunkún.

Ẹnì kan láàárín èrò wá bi Ìgbín bóyá kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni.

Ìgbín ní, “Mo mọ̀. Ariwo yín ló dùn mọ́ mi létí.” Ó fa orí wọnú ìkarahun. Kò ṣe adájọ́ mọ́.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbìyànjú eré náà. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti gbá àgbálùmọ̀ jìnnà, kò sẹ́ni tó ń pariwo mọ́. Ńṣe ni wọ́n ń wo ara wọn lójú. Eré wo ló tún kù níbẹ̀? Wọ́n fi àgbálùmọ̀ sílẹ̀ lórí igi, ó pọ́n, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Àwọn tó jẹ egbò bíi ti Ọ̀pọ̀lọ́ ti dúró kí agbára rẹ̀ kúrò lára wọn, awọ wọn ń dán títí dòní. Òòrẹ̀ ṣì ń wa ilẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀lọ́ ti ní kókó lára, tí oje rẹ̀ ń ta ajá tó bá gbé e sẹ́nu. Láti ọjọ́ náà ni àkèré ti ń gbé inú odò, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé orí ilẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í pè wọ́n ní ọmọ ìyá mọ́.

Ọ̀pọ̀lọ́ kò sì lọ jìnnà sí omi. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ wo ìdí àmù yín, ẹ óò rí i níbẹ̀, ó rọra jókòó. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ lé e, ẹ̀yin ọmọ. Àárẹ̀ tó wà lára rẹ̀ ti tó. Bí ẹ bá ń bu omi, tí díẹ̀ sì ta sí i lórí, kì í sá. Ó máa ń tẹ orí ba ni, á sì di ojú.