Ata Tó Wà Lẹ́nu Ìbídùn

Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ìbídùn a máa pa òwe yìí mọ́ àwọn ẹlòmíràn.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bu iyọ̀ sí ògì dípò ṣúgà, ìyá pe mọ̀lẹ́bí jọ, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé, "Lọ́jọ́ tí iyè mi bá rá, Tinúadé ni kó máa pinnu fún mi."

Tinúadé, àbíkẹ́yìn! Owú bo Ìbídùn lójú. Ó wo àbúrò rẹ̀ tòkè-tilẹ̀ bí ẹni ń wo olè.

"Màámi, èmi ni àkọ́bí. Èmi ni mo kọ́lé tẹ́ ẹ̀ ń gbé. Ẹ yí ìwé yẹn padà, mo mọ ohun tí mò ń ṣe."

Ìyá rọra ní, "Ṣé o rántí ọjọ́ tí èèpo ẹ̀wà kó sí mi lójú? Èkuru àti ata díndín lẹ̀yin méjèèjì ń jẹ. Tinúadé sáré lọ fomi yọ ẹnu. Ìwọ ti ń fẹ́ mi lójú ní tìrẹ."

"Nítorí ata lásán?"

"Ata kọ́. Mo ké pé kó o dúró. O di orí mi mú, o ní, 'Ẹ fara dà á, mo mọ ohun tí mò ń ṣe.'"

Ìbídùn gbé itọ́ mì. Ó ta á lọ́fun.