Táyà Tó Ṣáájú ní Kọ́nà

Bí ọ̀nà bá yí, táyà kan a ṣáájú èkejì. Ilé kan náà ni wọ́n jọ ń lọ. Ẹ ti gbọ́ ọ rí. Àwọn àgbà máa ń sọ ọ́ létí ìyàwó tuntun, wọ́n sì ń sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Ìfẹ́ wà níbẹ̀, owú wà níbẹ̀, jíìpù àtijọ́ kan tí ìdí rẹ̀ ń han gooro náà sì wà níbẹ̀.

Ní ìlú Òkè-Ìdúró, níbi tí títì ti ń ká òkè bí ejò títí yóò fi dé ìsàlẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ìlésanmí, ọ̀dọ́mọbìnrin kan sì wà tó ń jẹ́ Ìbídùn. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n wọ iṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà, ọjọ́ kan náà ni wọ́n gba fíríìdọ́ọ̀mù, wọ́n sì jọ ṣí ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá títì. Bí ẹ bá rí wọn lábẹ́ ọkọ̀, tí orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, tí ọ́ìlì dúdú kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn méjèèjì, ẹ ó gbà pé ìfẹ́ kò nílò lọ́fínńdà. Àwọn òbí ti mọra wọn, wọ́n sì ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó.

"Èjìká sí èjìká la ó jọ máa rìn," ni Ìlésanmí máa ń sọ. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mọ́ Ìbídùn, títí di ọjọ́ tí Alàgbà Fádípẹ̀ gbé jíìpù rẹ̀ dé.

Alàgbà Fádípẹ̀ ló ń ra kòkó káàkiri oko. Jíìpù rẹ̀ ju àwọn méjèèjì lọ lọ́jọ́ orí. Ó bá Ìlésanmí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó kí i dáadáa, ó wá ní, "Ìbídùn ńkọ́? Òun ni mo wá bá. Wọ́n ní òun ló mọ ìdí ọkọ̀."

Ìlésanmí fi eyín rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ kò bá a rín in.

Wọ́n fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, wọ́n yọ táyà ẹ̀yìn, wọ́n fa ṣáàfù méjèèjì, irin tó ń yí táyà, jáde, wọ́n sì sọ dífù kalẹ̀, ìyẹn ilé jíà tó rí rogodo láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Ìbídùn fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ tán, ó wá na ìka sí àwọn jíà kéékèèké tó wà nínú rẹ̀. Eyín wọn ti kán.

"Àwọn wọ̀nyí ló ń jẹ́ kí táyà òde sáré ju ti inú lọ bí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà," ó wí fún Alàgbà. "A ò lè fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, sà. Mo máa lọ wá òmíràn lọ́dọ̀ Múftàù tó ń ta jíà ní Ìlọrin."

Alàgbà lọ tán, Ìlésanmí ní, "Kí lò ń wá lọ sí Ìlọrin?"

"Jíà."

"Jíà tó nírùngbọ̀n, tó ń rẹ́rìn-ín sí oníbàárà."

"Oníjíà tó rojú ló wà níhìn-ín, kò sì ní jíà."

"Máa lọ. Ṣebí ìwọ ni gbogbo ayé ń béèrè."

Ìbídùn wò ó fínnífínní. "Múftàù ló ń dùn ọ́ ni, àbí Alàgbà?"

Ìlésanmí mú sípánà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ohun tí kò dọ̀tí.

Bí Ìbídùn ti wọkọ̀ lọ ni owú wá jókòó ti ọmọkùnrin náà. Ó ń rí Múftàù lọ́kàn rẹ̀, tó ń ra ohun mímu tútù fún Ìbídùn, tó ń fi áńkáṣíìfù nu ọ́ìlì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Òjò ba ọ̀nà jẹ́, Ìbídùn kò dé lọ́jọ́ tó dá. Alàgbà ránṣẹ́ pé kòkó òun fẹ́ bu lóko. Ìlésanmí tẹjú mọ́ àwọn jíà kéékèèké náà. Kí ni iṣẹ́ wọn, bí kò ṣe kí táyà kan lè fi èkejì sílẹ̀? Ó gbé iná tì wọ́n, ó sì jó gbogbo wọn pọ̀ di odidi irin kan. "Láti òní lọ," ó wí, "ẹ ó jọ máa yí ni."

Ó to gbogbo rẹ̀ padà, ó sì gbé jíìpù fún Alàgbà. Irọ́ kọ́, ó ṣiṣẹ́ nínú ẹrẹ̀. Níbi tí táyà kan ti máa ń yí lásán tí èkejì á máa wò ó, àwọn méjèèjì jọ fà, jíìpù sì jáde bí àgbò. Alàgbà yìn ín lójú gbogbo àgbẹ̀. Orí Ìlésanmí wú.

Nígbà tí Ìbídùn sọ̀kalẹ̀ ní gáréèjì, ó fi gèlè rẹ̀ di àwọn jíà tuntun mọ́ra. "Jíìpù dà?"

"Mo ti parí ẹ̀. A ò nílò èyí tó o rà. Mo jó wọn pọ̀."

Ìbídùn dúró sójú kan. "Nínú ẹrẹ̀, táyà ríbi yọ̀ sí. Lórí ọ̀dà tí kò ti ríbi yọ̀ ńkọ́, bó bá dé kọ́nà? Ibo ni Alàgbà wà?"

"Ó ń kó kòkó sọ̀kalẹ̀ òkè."

Kó tó sọ bẹ́ẹ̀ tán, Ìbídùn ti wà lórí ọ̀kadà. Ìlésanmí sáré, ó gun ẹ̀yìn rẹ̀.

Ní kọ́nà tó le jù ni wọ́n ti bá a. Ṣáàfù kan ti kán, jíìpù ti fi títì sílẹ̀, àpáta kan ló dá a dúró létí ọ̀gbun. Kòkó fọ́n ká sílẹ̀. Alàgbà jókòó sórí òkúta, ó fẹ́ de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Mo yí i," ó wí jẹ́jẹ́. "Iwájú yí. Ẹ̀yìn ló kọ̀."

Ìbídùn kúnlẹ̀, ó bá a de bọ́tìnnì náà. Lẹ́yìn èyí ló yíjú sí Ìlésanmí.

"Mo lọ sí Ìlọrin kí ọkọ̀ yìí lè délé. Ibo lo rò pé mo ń lọ?"

Ìlésanmí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa kòkó.

"Bí mo bá fẹ́ ọ báyìí," Ìbídùn wí, "kọ́nà àkọ́kọ́ la ó ti kán. Bí ọ̀nà bá yí, táyà kan a ṣáájú èkejì. Ilé kan náà ni wọ́n jọ ń lọ."

Ó ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n má ṣe dárúkọ ìgbéyàwó mọ́.

Irin tí a ti jó pọ̀ kò ṣeé yà. Ìlésanmí ní láti lọ wá ilé jíà mìíràn àti ṣáàfù, ọ̀dọ̀ Múftàù náà ló sì wà. Ó lọ. Múftàù rẹwà lóòótọ́, ó nírùngbọ̀n, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ni Ìlésanmí?" ó bi í. "Ìbídùn ní kò sí ẹni tó mọ irin jó tó ọ. Mo ní kó fẹ́ mi, ó ní òun ti ní tòun."

Ìlésanmí gbé ẹrù rẹ̀, ó sì kọjú sí fèrèsé ọkọ̀ títí ó fi délé, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ojú rẹ̀.

Ìbídùn ló to jíà, Ìlésanmí ló ń na irinṣẹ́ sí i. Nígbà tí wọ́n dè é tán, Ìbídùn fi ọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn kan síwájú. Èkejì yí padà sẹ́yìn fúnra rẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìké. Alàgbà dé ní ọjọ́ náà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ ẹni tí òun ì bá bi.

"Ìbídùn ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀, sà," ni Ìlésanmí wí. "Òun ló mọ ìdí ọkọ̀."

Ohùn Ìbídùn jáde láti abẹ́ jíìpù: "Ìlésanmí, bó o bá délé, sọ fún ìyá rẹ pé mò ń bọ̀ wá kí wọn."

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ọkọ bá ń fajú ro nítorí pé iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ gbèrú ju tirẹ̀ lọ, tàbí tí ọ̀rẹ́ méjì jọ bẹ̀rẹ̀ tí ọ̀nà ọ̀kan kọ́kọ́ là, tí inú èkejì sì ń ru, àwọn àgbà a pe ẹni tó ń jowú jókòó, wọ́n a ní: Bí ọ̀nà bá yí, táyà kan a ṣáájú èkejì, ilé kan náà ni wọ́n jọ ń lọ.