Orúnkún Àwẹ̀ró

Àwẹ̀ró jẹ́ opó ní abúlé Ìdí-Ẹmì. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, Àṣàkẹ́, ṣùgbọ́n ó ń sọ fún gbogbo èèyàn pé ọmọ náà ti lọ sọ́dọ̀ ìyá òun. Bí àlejò bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, yóò tiro lọ pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, yóò máa kérora pé orúnkún òun tún ti dé. Ibẹ̀ ni àlejò yóò ti bá a kẹ́dùn, tí yóò sì ti padà.

Ọdẹ́rìndé, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó kú, ló máa ń gbé òrí wá fún un. Igbá kan kì í tán kó tó gbé òmíràn dé, síbẹ̀ orúnkún kò gbọ́. Èèyàn rere ni, ṣùgbọ́n ohun tó bá wà níwájú rẹ̀ nìkan ló máa ń rí.

Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n fẹ́ sun pápá. Àṣà Ìdí-Ẹmì ni pé ẹni tí yóò tiná bọ pápá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn ín já, kí iná má baà ká ẹnikẹ́ni mọ́ ibẹ̀. Ọdẹ́rìndé ló kàn. Bó ti ń rìn, ẹyẹ kan dìde níwájú rẹ̀, irú ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí kì í bà lórí igi, tó máa ń sáré ṣa kòkòrò jẹ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Apá rẹ̀ kan ń wọ́ nílẹ̀.

"Ẹran ọbẹ̀ rèé," ni Ọdẹ́rìndé wí, ó bá tẹ̀lé e. Bó bá ti fẹ́ mú un, a tún sún síwájú. Nígbà tó tàn án jìnnà tán, ó na apá méjèèjì, ó fò lọ.

Ọdẹ́rìndé fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì padà síbi tó ti kọ́kọ́ rí i. Ẹyin méjì ló bá láàárín òkúta wẹ́wẹ́. Ó ro koríko àyíká wọn kúrò kí iná má baà débẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ yìí ló wà tí ọ̀rọ̀ Àwẹ̀ró fi sọ sí i lọ́kàn.

Kò tíì dé ilé tó fi yà sí ilé Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró tiro bọ̀. "Ọkọ mi, orúnkún yìí o!"

"Ìyàwó wa, n kò mú òrí wá lónìí. Àṣàkẹ́ ńkọ́?"

Obìnrin náà gbàgbé láti tiro; eré ló fi lọ dí ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún. "Wárápá ló ń gbé e. Bí wọ́n bá gbọ́, ta ni yóò bá ọmọ mi jẹun mọ́?"

Àánú ṣe Ọdẹ́rìndé. Ó wọlé, ó fa Àṣàkẹ́ lọ́wọ́ jáde síta gbangba, ó sì jókòó.

"Gbé oúnjẹ wá," ló wí. "Ebi ń pa èmi àti ọmọ mi."

Ojú gbogbo àwọn tó ń kọjá ni òun àti Àṣàkẹ́ ti jọ tọwọ́ bọ àwo kan náà. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ìròyìn orúnkún Àwẹ̀ró mọ́.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà Ìdí-Ẹmì fi ń pa á lówe pé: ẹyẹ tó ń wọ́ apá nílẹ̀, apá kọ́ ló ń dùn ún, ọmọ ló ń dùn ún.