Àkùkọ Tó Ní Òun Ló Rẹ Aṣọ Ẹtù

Àlọ́ o.
Àlọ̀.
Àlọ́ mi gba ẹ̀yìnkùlé ẹyẹ Ẹtù aláró kọjá. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń pa á, nítorí náà ẹ má sùn.

Ẹtù ló ń fi okùn iko di aṣọ, òun náà ló ń rẹ ẹ́ sínú aró. Ohùn rẹ̀ ni kò dùn, ló bá bẹ Àkùkọ kó máa bá òun polówó. Lọ́jà àkọ́kọ́, Àkùkọ ní, "Ẹ wá ra àdìrẹ Ẹtù." Lọ́jà kejì, ó ní, "Èmi ni mo kọ́ Ẹtù níṣẹ́." Lọ́jà kẹta, ojú kò tì í, ó ní, "Èmi ni mo ṣe é."

Ẹtù gbọ́, ó gbé ìkòkò aró wá sáàárín ọjà. Ó ní, "Àkùkọ, rẹ ọ̀kan kí a rí i." Ó dárin, ẹ bá mi gbè é:

Ta ló dì í?
Aró mọ̀ ọ́n.
Ta ló rẹ ẹ́?
Aró mọ̀ ọ́n.

Àkùkọ ri aṣọ bọnú aró, ó yọ ọ́. Àwọ̀ ewé ló jáde, kò dúdú rárá. Ó jù ú sílẹ̀, ó ní, "Ẹtù ti ba aró jẹ́ kí n lè tẹ́."

Ẹtù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó mú aṣọ náà, ó nà án sí afẹ́fẹ́. Lójú gbogbo ọjà, ó dúdú minimini. Aláró wo ni kò mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di dúdú?

Ẹ̀yin ọmọ, títí dòní, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni Àkùkọ ti ń pariwo pé òun ni. Ẹ jẹ́ kó pariwo. Ẹ lọ wo ìyẹ́ Ẹtù, dúdú tó ní àmì funfun kéékèèké, ẹ ó rí ẹni tó ni àdìrẹ.