Ọ̀rẹ́ Tí Àwẹ̀ró Kò Rí Ojú Rẹ̀

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ kò tí ì dáhùn dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ fi fóònù pamọ́ sábẹ́ aṣọ lẹ́yìn lọ́hùn-ún, mo rí iná rẹ̀. Ẹ pa á. Àlọ́ o!

Àlọ̀ o!

Àlọ́ mi kò dá lórí ọba, kò dá lórí olorì. Ó dá lórí ọmọbìnrin Ehoro kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró, àti Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, baba ẹ̀tàn.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí àwọn ẹranko náà ń lo fóònù… Ta ló ń rẹ́rìn-ín? Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ rò pé ẹ lajú ni? Nígbà náà ni ìyá Àwẹ̀ró lọ ṣòwò ní ìdálẹ̀. Ó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ìyá Ẹfọ̀n, pé kó bá òun tọ́ ọ.

Ìyá Ẹfọ̀n kì í ṣe ìkà. Ó ń fún un lóúnjẹ, kò nà án. Ṣùgbọ́n ńláńlá ni gbogbo ará ilé Ẹfọ̀n. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, òkè orí Àwẹ̀ró ni ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá. Bí wọ́n bá ń rìn, òun ló ń sá fún ẹsẹ̀. Odindi ọjọ́ lè lọ kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ rẹ̀. Ọmọ náà dá wà láàárín èrò, ó sì dùn mí láti sọ ọ́.

Nírọ̀lẹ́, á lọ jókòó sẹ́yìnkùlé, á máa kọrin. Ẹ bá mi gbè é, "Ọ̀nà jìn" ni ègbè rẹ̀:

Ìyá mi re ìdálẹ̀ o.
*Ọ̀nà jìn.*
Kò sẹ́ni tí yóò bá mi ṣeré.
*Ọ̀nà jìn.*
Mo pè, n kò gbóhùn ẹnì kan.
*Ọ̀nà jìn.*
Ìyá mi, ẹ tètè dé o.
*Ọ̀nà jìn.*

Ẹ rọra, ẹ má pàtẹ́wọ́. Kì í ṣe orin ijó.

Ìyá rẹ̀ fi fóònù kan ránṣẹ́ sí i kó lè máa fi kẹ́kọ̀ọ́. Lórí rẹ̀ ni Àwẹ̀ró ti kọ́ ìṣirò àti ìwé kíkà, ó sì já fáfá. Olùkọ́ wọn, Òwìwí, kìlọ̀ fún gbogbo kíláàsì: "Ilé ìwé ńlá ni ayélujára, ọjà ńlá sì ni. Ẹni tí ẹ kò bá mọ̀ lójúkojú, ẹ má júwe ilé yín fún un, ẹ má sì fi àwòrán yín ránṣẹ́ sí i."

"Ó yé wa, sà!"

Ó yé wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dá wà kì í pẹ́ gbàgbé ìkìlọ̀.

Lọ́jọ́ kan, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé. "Báwo ni? Fadérera lorúkọ mi. Ọmọ Ehoro bíi tìẹ ni mí. Ṣé ká ṣọ̀rẹ́?" Àwòrán ehoro kékeré kan wà níbẹ̀, etí méjèèjì dúró ṣánṣán.

Àwẹ̀ró fò sókè. Láti ọjọ́ náà, tó bá jí, Fadérera á ní, "Ṣé o sùn dáadáa?" Tó bá ti ilé ìwé dé, á ní, "Kí lẹ kọ́ lónìí?" Kò sẹ́lòmíràn tó ń bi í bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ìbéèrè náà yí padà. "Ọ̀nà wo lo máa ń gbà lọ sílé ìwé? Fi àwòrán rẹ ránṣẹ́, kí n rí bí o ṣe sanra tó." Àwẹ̀ró fi ránṣẹ́. "Ta ló wà nílé yín?"

Àwẹ̀ró ronú. "Kò sí ẹnì kankan," ló kọ. Kì í ṣe irọ́ ló fẹ́ pa. Bó ṣe rí lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn.

Háà! Fadérera wo? Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni! Ó dùbúlẹ̀ sínú igbó, ó ń fi èékánná tẹ fóònù, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. "Ọmọ tí kò lẹ́nì kan! Màá kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà, màá fi fóònù rẹ̀ pe àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Odindi kíláàsì!" Ẹ ò rí ọ̀kánjúwà. Ẹnì kan kò tó o jẹ.

Ó wá fi dátà ránṣẹ́ sí Àwẹ̀ró. "Ẹ̀bùn mi rèé. Wá pàdé mi lọ́la lábẹ́ igi àfọ̀n etí odò. Ìwọ nìkan o. Tí o bá sọ fún ẹnikẹ́ni, mi ò ní bá ọ ṣọ̀rẹ́ mọ́."

Inú Àwẹ̀ró dùn, àyà rẹ̀ sì já. Ṣebí ẹ mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ọmọ tí wọ́n bá fún ní nǹkan á lọ fi han àgbà, àgbà á bá a dúpẹ́. Ọmọ tó bá gbà á tó dákẹ́, wọ́n á ní ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ. Tí Àwẹ̀ró bá sọ, yóò pàdánù ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó ní. Tí kò bá sọ, ìyá rẹ̀ tó wà lọ́nà jíjìn ni wọ́n á bú. Ó sunkún títí. Níkẹyìn, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Ẹfọ̀n.

"Ìyá, ẹ bá mi dúpẹ́. Ọ̀rẹ́ mi, Fadérera, fún mi ní dátà."

"Dátà? Ṣé sísè ni wọ́n ń sè é ni àbí sísun?"

"A kì í jẹ ẹ́, Ìyá. Fóònù ló ń jẹ ẹ́."

"Ọmọ ta ni ọ̀rẹ́ ọ̀hún?"

"Mi ò tí ì rí i rí. Ó ní kí n wá pàdé òun lọ́la lábẹ́ igi àfọ̀n etí odò."

Ìyá Ẹfọ̀n tẹjú mọ́ ọn. Ó ti pẹ́ tó ti wo ọmọ náà bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. "Ojú lọ̀rọ̀ wà," ló wí. "Ẹni tó ṣe ọmọ wa lóore, a ò lè dákẹ́ sí i. Gbogbo ilé la ó lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fara pamọ́ sẹ́yìn igi àfọ̀n, ó tẹ́ àpò ńlá sílẹ̀. Àwẹ̀ró sáré ṣíwájú àwọn ará ilé dé ibẹ̀. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fi ohùn tín-ín-rín pè é: "Àwẹ̀ró, ṣé ìwọ nìkan lo wá?"

Ilẹ̀ mì tìtì. Ẹfọ̀n méjìlá ya jáde látinú igbó. "Ẹ kú oore ọmọ wa o!" ni Ìyá Ẹfọ̀n ké. "Ìyá Fadérera dà, ká kúnlẹ̀ kí wọn?"

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fẹ́ sá. Àpò tó tẹ́ sílẹ̀ kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ó ṣubú gbì, fóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwẹ̀ró mú fóònù náà, ó wò ó. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí òun àti Fadérera jọ sọ ló wà níbẹ̀. Àwọn Ẹfọ̀n wọ́ Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lọ sí ààfin Kìnnìún, ibẹ̀ ló sì ti jẹ̀bi.

Gbogbo ilé ń jó, ń yọ̀. Àwẹ̀ró nìkan ni kò jó. Ìyá Ẹfọ̀n bá a lẹ́yìnkùlé, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Kí ló dé? Ṣebí ewu ti kọjá?"

"Ìyá, mo mọ̀ pé ó fẹ́ jẹ mí. Ṣùgbọ́n àárò Fadérera ń sọ mí."

Ìyá Ẹfọ̀n fẹ́ bá a wí. Ṣùgbọ́n ó rí i pé òun kò mọ ohun kan ṣoṣo tí ọmọ yìí fẹ́ràn. Ọ̀tá inú igbó mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń fún un lóúnjẹ kò mọ̀ ọ́n. Ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ ńlá, ó jókòó sílẹ̀ títí orí rẹ̀ fi bá ti Àwẹ̀ró dọ́gba.

"Gbé fóònù yẹn wá. Kí lo ń kà níbẹ̀?"

"Orúkọ àwọn ẹja inú òkun, Ìyá."

"Kọ́ mi."

Ìdí àlọ́ mi rèé, bí wọ́n ṣe pa á fún mi ni mo ṣe pa á fún yín. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa fi fóònù kẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ tó bá ní kí ẹ má sọ fún ẹni tó ń tọ́ yín, ọ̀tá ni. Ẹ má dá lọ pàdé rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má rò pé ọmọdé nìkan ni mò ń bá wí. Ọmọ tí ẹ kò bá ráyè bá sọ̀rọ̀ nílé, ẹnì kan wà níta tó ráyè.