Ẹni Tí Ẹ̀rù Rẹ̀ Ń Ba Ọba

Ààlọ́ o, ẹ̀yin ọmọ.
— Ààlọ̀!

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó bọ́ sí ihò Òòrẹ̀. Ẹkùn, ọba ẹranko, ti jẹ ọmọ rẹ̀ méjì. Nígbà tó padà wá mú ẹ̀kẹta, Òòrẹ̀ fi ẹ̀gún gún un nímú. Ni ọba bá ní kí ìgbìmọ̀ lé apániláyà kúrò nígbó.

Ta wá ni apániláyà? Ọ̀bọ, agbẹnusọ ọba, ní, "Ẹni tó bá ń jálé onílé ni." Gbogbo wọn wo Ẹkùn.

Ọ̀bọ wúkọ́. "Ẹni tó bá ń pa ọmọ ọlọ́mọ ni." Ẹkùn ń tayín lọ́wọ́.

"Ó dáa, ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ bá ń ba ọba ni."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Òòrẹ̀ pọn ọmọ, ó kúnlẹ̀ láti dágbére fọ́ba bó ti yẹ. Ẹ̀gún rẹ̀ dìde. Ọba fò sórí igi.

Ọmọ Òòrẹ̀ bèèrè láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, "Bàbá Ọ̀bọ, ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwa ńkọ́?"

"Ìyẹn? Kábíyèsí là ń pè é."

Ẹ bá mi gbè é: Ta ló ń dẹ́rù bà wá?
— Kábíyèsí!

Ẹ rọra gbè é o. Ó ṣì wà lórí igi.