Asínyùn àti Iyùn Ààyè

Fákúnlé, ọkọ ìyàwó tuntun, mo rí ọ. Ìyàwó kò tíì pé oṣù kan nílé, o ti há a mọ́ ògiri lórí àga. Mi ò bá ọ wí o. Ìtàn kan ni mo fẹ́ sọ, kí gbogbo wa jọ gbọ́ ọ.

Ìlẹ̀kẹ̀ tó fún ọrùn jù ní í jákùn. Omi tí kò rí ọ̀nà lọ ní í rùn. Orúkọ àwọn awo méjì nìyẹn. Àwọn ni wọ́n dífá fún Asínyùn, ní ọjọ́ tí ẹkún ìyàwó rẹ̀ kò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

Asínyùn ló ń sín ìlẹ̀kẹ̀ fún àwọn ọba ìgbà náà. Bí ó bá sín iyùn tán, ẹnikẹ́ni kò lè rí okùn láàárín rẹ̀, nítorí ó máa ń fún wọn mọ́ra pinpin. Ńlá láàárín, kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ̀ kọ́ ọ. Etí òkun ló ti ń wá iyùn lọ, ibẹ̀ ló sì ti rí Ọmọ́lókun, àbíkẹ́yìn Olókun. Ó rí i, ọkàn rẹ̀ kò bá a padà sílé mọ́.

Olókun gbà kí wọ́n fẹ́ra, ṣùgbọ́n ó sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó ní, "Ọmọ mi kò lè gbé orí ilẹ̀ láìrí ará ilé rẹ̀. Mo fi iyùn ààyè lé ọ lọ́wọ́. Bí wọ́n bá wà láàyè, aya rẹ wà lọ́dọ̀ rẹ. Ọjọ́ tí wọ́n bá kú, ọmọ mi ń bọ̀ nílé nìyẹn."

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Kì í ṣe iyùn ọrùn ni mo ń wí o. Iyùn tó ń jẹ, tó ń dàgbà, tó ń la ọwọ́ wẹ́wẹ́ nínú omi ni. Ọ̀kan yọ ẹ̀ka bí ìwo àgbọ̀nrín. Ọ̀kan tẹ́ pẹrẹsẹ bí etí erin. Ọ̀kan ní ọwọ́ gígùn tó ń jó bí omi bá ti ń gbé e, ẹni tó bá sì fara kàn án, yóò ta á bí èsìsì.

Asínyùn fi òkúta mọ adágún kékeré kan sí àgbàlá rẹ̀. Kò ju ibi tí ewúrẹ́ méjì lè dùbúlẹ̀ sí lọ. Ó la ọ̀nà omi láti òkun wá síbẹ̀. Ó wá to iyùn. Báwo ló ṣe tò ó? Bí ó ti mọ̀ ọ́n tò náà ni. Ó kó gbogbo wọn jọ, ńlá láàárín, kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fún wọn mọ́ra pinpin. Àwọn aládùúgbò wò ó, wọ́n ní adágún náà yẹ ọrùn ọba.

Bí ó ti ṣe iyùn ló ṣe ìyàwó. Bí Ọmọ́lókun bá dìde, òun náà á dìde. Bí ó bá ń lọ sódò, ọkọ á ní, "Àjíkẹ́ mi, dúró dè mí." Bí ó bá jókòó láti gba afẹ́fẹ́, ọkọ á wá jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tó ń mú ooru ni.

Kò pẹ́, àwọ̀ iyùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Etí erin funfun bí egungun. Ọmọ́lókun náà, bí ó bá ti dé etí adágún, ẹkún ló ń sun. Ẹ̀rù ba Asínyùn. Ó tọ àwọn awo rẹ̀ lọ. Ó ní ǹjẹ́ iyùn òun yóò yè? Ǹjẹ́ ìyàwó òun yóò bá òun kalẹ́?

Wọ́n ní yóò bá a kalẹ́, bí ó bá rúbọ. Ẹyẹlé, obì, àti okùn tó fi ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Wọ́n ní bí ó bá rú u tán, kí ó padà sídìí adágún, kí ó fi àyè sílẹ̀.

Asínyùn rú ẹyẹlé, ó rú obì. Okùn ńkọ́? Ó wò ó, ó ní, "Okùn tí bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́?" Ó sọ ọ́ sápò. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n wí kẹ́yìn náà, kò gbọ́ ọ re. Àyè ni wọ́n wí, ààyè ló gbọ́. Ó sáré délé, ó ṣa gbogbo iyùn tó ti funfun dà sórí ààtàn, ó ní òkú ni wọ́n. Ó fi ààyè sílẹ̀. Kí àwọn ààyè náà má baà dá nìkan wà, ó tún sún wọn mọ́ra sí i. Ẹ ò rí ohun tí etí lè mú kí ojú rí!

Ọlọ́wọ́ gígùn na ọwọ́, ó ta ẹnìkejì rẹ̀. Ìwo àgbọ̀nrín náà bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Ọmọ́lókun rí àwọn ará ilé rẹ̀ lórí ààtàn, ó fi ìró ìdí rẹ̀ tó tutù gbé wọn, ó kó wọn sínú ìkòkò omi òkun.

Ó ní, "Olówó orí mi, wọn ò tíì kú o! Àìsàn ló ń ṣe wọ́n. Ṣé bó bá rẹ̀ mí lọ́jọ́ kan, ààtàn lẹ ó gbé èmi náà dà sí?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Asínyùn lára. Ó sáré padà sọ́dọ̀ àwọn awo, ó ro bí ó ti ṣe é. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wọn.

"Àyè la wí, Asínyùn, a ò wí ààyè! Ohun tó wà láàyè, àyè ló ń fẹ́. Okùn dà?"

Ó fa okùn yọ lápò, ojú tì í. Wọ́n gbé e fún òkun.

Bí kò ti sí okùn lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, kò rí nǹkan sín. Ó jókòó sétí adágún, ó ń wò. Ó rí i pé ibì kan wà tí oòrùn ń pa láti àárọ̀, ibì kan sì wà tí ibòòji ògiri kì í kúrò. Ó rí ibi tí omi ti ń tú wọlé pẹ̀lú agbára, àti ibi tó ti ń rọra yí. Ó wá bi ìyàwó rẹ̀ ní ohun tí kò bi í rí: "Àjíkẹ́, báwo ni wọ́n ṣe ń gbé nílé yín?"

Ọmọ́lókun rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn. "Ìwo àgbọ̀nrín fẹ́ òkè, níbi tí oòrùn àti omi ti lágbára. Etí erin, ìsàlẹ̀ ni, lábẹ́ ibòòji. Ọlọ́wọ́ gígùn, ẹ jẹ́ kó dá wà. Bó bá na ọwọ́, kó má kan ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń ṣàìsàn, ẹ gbé wọn síbi tí omi ti rọ̀, kí ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n mọ́."

Asínyùn tò wọ́n bẹ́ẹ̀. Adágún náà wá rí jágajàga. Aládùúgbò kan yọjú, ó ní iṣẹ́ náà kò tíì parí. Ọwọ́ ń yún Asínyùn láti sún wọn mọ́ra, ó kó ọwọ́ náà sẹ́yìn. Díẹ̀díẹ̀, àwọ̀ padà. Àwọn tó ti orí ààtàn bọ̀ náà tún pọ́n.

Lọ́jọ́ kan, Ọmọ́lókun ní, "Olówó orí mi, mo fẹ́ lọ kí ìyá mi."

Asínyùn dìde, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Dúró dè mí" ti dé ètè rẹ̀. Ó gbé e mì. Ó kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Bá mi kí wọn."

Ìyàwó lọ. Àánú ọkùnrin náà ṣe mí bí mo bá dé ibí yìí. Ó ń gbá ilẹ̀ tó ti mọ́. Àràárọ̀ ló ń dọ̀bálẹ̀ kí iyùn, nítorí ará ilé àna ni wọ́n. Ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá òun wà láàyè.

Òwúrọ̀ kan, ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ tó tutù lẹ́yìnkùlé. Ọmọ́lókun ló dé, omi ṣì ń kán nínú irun rẹ̀. Ó gbé ọmọ iyùn kan lọ́wọ́, kò ju ọmọ ìka lọ.

Ó ní, "Ìyá mi ní kí n gbé èyí wá. Ibo la ó fi í sí?"

Asínyùn wo adágún. Àyè wà.

Wọ́n bímọ, wọ́n sì bá ara wọn kalẹ́. Asínyùn kọrin ọpẹ́ fún àwọn awo rẹ̀, àwọn awo ní Ifá ni kí ó lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó rú ìdajì ẹbọ, kó má retí odindi ire. Ẹni tí a bá fún nímọ̀ràn, kó gbọ́ ọ dópin.

Fákúnlé, o gbọ́? Sún díẹ̀, ọmọ mi, kí ìyàwó rẹ rí àyè jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wá wò ó! Ìyàwó fúnra rẹ̀ ló tún sún mọ́ ọn.